Irú Pupa Tí Mo Ní Nílé

Ọmọ mi obìnrin fẹ́ fi àwọ̀ eérú kun pálọ̀ mi. Kò pè é ní eérú ṣá. "Áàṣì" ló ń pè é, ó ní òun ni gbogbo èèyàn ń kùn báyìí. Mo ní mo mọ ohun tí áàṣì jẹ́, olùkọ́ ni mí, eérú ni. Èèyàn á fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó eérú kúrò nídìí ààrò, á dà á sẹ́yìnkùlé, á wá lọ fowó rà á padà nínú garawa, á fi kun ojú ògiri tó ń wò lójoojúmọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ná."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe inú ilé lóde òní, ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Wọ́n á fi pí-ó-pí ṣe síìlìn títí á fi rí bíi kéèkì ìgbéyàwó, wọ́n á wá to iná wẹ́wẹ́ sí i lára, o ò ní mọ súìṣì tó ń tan èwo. Àga wọn á lọ sílẹ̀, á tún rọ̀, tí àgbàlagbà bá ti jókòó sínú ẹ̀ àfi kí wọ́n wá fà á dìde. Fọ́tò wá ńkọ́? Àyà ògiri ni wọ́n ń gbé e kọ́ báyìí, níbi tí gbogbo ọmọ tó bá ń sáré kọjá á ti fọwọ́ ọlọ́ràá pa á. Nílé tèmi, òkè lọ́hùn-ún ni fọ́tò ń gbé, ó kù díẹ̀ kó kan síìlìn, a sì máa ń jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹni tó wà nínú ẹ̀ lè máa wo àwọn tó jókòó nísàlẹ̀. Tó o bá ń jẹun, bàbá rẹ ń wò ọ́. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, eérú kọ́ ló ń dà mí láàmú. Pálọ̀ mi pupa. Ìyàwó mi ló ní kí n kùn ún ní pupa, mo sì ṣì í kùn. Pupa tí mo rà kọ́ ni pupa tó ní kí n rà. Ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti kú, títí di ìgbà tí ọmọ mi gbé eérú rẹ̀ dé, mi ò tíì mọ èwo ló ní lọ́kàn. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó fi àwọ̀ mìíràn bo ògiri yẹn. Mo fẹ́ kùn ún bó ṣe fẹ́ kí n kùn ún, ó tán.

Ẹni tó bá ń sọ Yorùbá á mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Pupa wa ò lójú kan. Epo pupa wà, ata náà pupa, obì pupa wà, ilẹ̀ ilé wa l'Ékìtì pupa, inú ẹyin tá à ń sè jẹ náà, pupa là ń pè é. Tó o bá kó gbogbo wọn jọ síwájú ẹni tí kò gbọ́ èdè wa, tó o ní orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, á rò pé orí rẹ ti yí. Èmi tí mo gbọ́ ọ láti inú oyún náà ṣì í gbọ́.

Ẹ̀gbẹ́dá la ti bẹ̀rẹ̀, yàrá kan àti pálọ̀, nínú ilé tí ìdílé mẹ́jọ ti ń dáná nínú kíṣìn kan. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé ìjọba, ìyàwó mi ń rán kọ́tìnnì àti aṣọ tìmùtìmù fún àwọn èèyàn. Obìnrin tó lè fi ojú lásán mọ òwú tó bá aṣọ mu ni, kò ní gbé e síta wò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a wá mú wọ ilé tí onílé ti kun gbogbo yàrá bákan náà. Láti ilẹ̀ títí dé ìbàdí èèyàn, ọ̀dà dídán aláwọ̀ kọfí, kó má baà tètè dọ̀tí. Láti ibẹ̀ lọ sókè, kíríìmù. Onílé ò gbà kí ayálégbé kan ìṣó mọ́ ògiri, ká tó wá sọ pé á yí ọ̀dà padà. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko la fi wo kọfí àti kíríìmù yẹn. Nígbà mìíràn, á jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, á dá ẹsẹ̀ dúró, á gbójú sókè wo ògiri.

"Lọ́jọ́ tá a bá ní ilé tiwa," á ní, "èmi ni màá mú àwọ̀ pálọ̀. Ẹ̀yin ẹ mú ti gbogbo ibi tó kù."

Màá ní mo gbà. Kí ni mo fẹ́ fi àwọ̀ ṣe?

Inú ilé yẹn náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Tíṣà Pupa. Olùkọ́ méjì la wà níbẹ̀, ìkejì mi dúdú, èmi pupa, bí àwọn aráalé ṣe ń fi ìyàtọ̀ sáàárín wa nìyẹn. Mo pupa nígbà náà. Oòrùn pápá tá a ti ń to àwọn ọmọ ilé ìwé láràárọ̀ àti oòrùn ibùdókọ̀ ò tíì ráyè mi. Tẹ́ ẹ bá rí mi lónìí, ẹ ò ní gbà gbọ́, mo ti dúdú tán, àfi abẹ́ aago ọwọ́ mi. Mi ò kì í bọ́ aago náà àfi tí mo bá fẹ́ wẹ̀. Ìṣe olùkọ́ ni, kò tíì kúrò lára mi.

Nígbà tá a wá kọ́ tiwa sí ìhà Ìgàndó, ilé kékeré ni, a ò tíì kun ìta rẹ̀ tá a fi kó wọ inú ẹ̀. Gbogbo nǹkan ló lè dúró, ṣùgbọ́n pálọ̀ kò gbọdọ̀ dúró. Láàárọ̀ Sátidé kan, mo ti wọ bàtà, mo dúró láàárín pálọ̀, mo fẹ́ lọ ra ọ̀dà ní Ìkòtún. Ìyàwó mi jókòó sórí àpótí níwájú mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi í pé àwọ̀ wo ni.

"Pupa," ó ní.

"Pupa wo?"

Ó gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀wà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Irú pupa tí mo ní nílé."

Mo wẹ̀yìn. Kọ́tìnnì tó ta sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa ló wà lẹ́yìn mi, ó sì pupa fòò. Mo ní ó dáa, mo ti gbọ́, mo lọ.

Ó jáde lọ fi kọ́tìnnì jíṣẹ́ fún oníbàárà rẹ̀ kan l'Ákọwọ́njọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nítorí náà kò sí nílé nígbà tí pẹ́ńtà ṣiṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó wo ògiri ọ̀tún, ó wo tòsì. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín.

"Ẹ lọ ra ata wálé," ó ní.

Mo ní, ìwọ lo sọ pé irú ti kọ́tìnnì. Ó ní, "Ta ló dárúkọ kọ́tìnnì?" Mo ní èwo wá ni? Ó nu ojú rẹ̀. "Inú ilé yìí náà ló wà. Ẹ máa wá a."

Inú bí mi. Èmi tí mo ti gba inú oòrùn lọ, tí mo gba inú oòrùn bọ̀, tí mo ru garawa lórí débi tí ọrùn ń dùn mí, wọ́n wá ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà nínú ilé mi. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, mo ní tó bá sọ èyí tó fẹ́, màá tún un kùn. Ó ní òun ò ní sọ, òun fẹ́ kí n rí i fúnra mi. Mo ní tí kò bá sọ, mi ò ní kun nǹkan kan. Ó ní ó dáa náà. Bí àwa méjèèjì ṣe fi orí kunkun gbé inú ata fún ọdún mọ́kànlá nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó wọlé tí kò sọ̀rọ̀ sí i. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ dúró láàárín pálọ̀, ó ní ó jọ inú ẹnu ẹni tó ń jẹ obì. Ìyàwó mi gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì ń tún un ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó tú kọ́tìnnì pupa kúrò, ó rán funfun rọ́pò rẹ̀, ó rán aṣọ funfun fún tìmùtìmù, kí ojú lè rí ibi sinmi. Funfun yẹn fìyà jẹ ẹ́ o. Tí wọ́n bá ti dáná sun ààtàn ńlá tó wà ládùúgbò wa, tí atẹ́gùn sì fẹ́ èéfín sọ́dọ̀ wa, lọ́jọ́ kejì á tú gbogbo kọ́tìnnì kalẹ̀, á rẹ ẹ́ sínú omi, á máa kọrin. Èéfín kan náà ló ń pa ògiri lára díẹ̀díẹ̀. Pupa náà kò dán mọ́, ó wá ń ṣe ràkọ̀ràkọ̀.

Mò ń wá a ṣá. Mi ò ní jẹ́ kó mọ̀ pé mò ń wá a, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Tí nǹkan pupa kan bá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, màá gbé e sókè láìsọ̀rọ̀, á wò ó láti ìdí máṣíìnì, abẹ́rẹ́ á wà lẹ́nu rẹ̀, á mi orí. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo sókè, ó mi orí. Mo gbé bàtà rẹ̀ kan tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì sókè, ó mi orí. Mo bu yẹ̀pẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ bọ̀ láti Èkìtì nígbà kan tá a lọ sìnkú, inú ọ̀rá ni mo dì í sí, mo rò pé lọ́tẹ̀ yìí mo ti mú un. Ó mi orí. Lọ́jọ́ kan mo fọ́ ẹyin sínú abọ́, mo gbé e lọ bá a. Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó ní, "Òun kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń sún mọ́ ọn." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé èmi ni mo din ẹyin ọ̀hún fún gbogbo ilé.

Ó yẹ kí n ti juwọ́ sílẹ̀, kí n bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́, kí n tún ògiri kùn. Mò ń sọ pé màá ṣe é. Òrùlé jò, mo ní ká ṣe òrùlé ná. Omi kànga ò dára mọ́, mo ní ká gbẹ́ òmíràn ná. Ọmọ wọ yunifásítì. Pálọ̀ náà wà níbẹ̀, kò sá lọ síbì kankan, èmi náà rò pé ẹni tó ni àwọ̀ rẹ̀ ò ní sá lọ síbì kankan.

Àìsàn tó mú un kò pẹ́. Nílé ìwòsàn, mò ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mímu, mo kàn ń wá ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn sọ, ni mo bá ní, "Jọ̀ọ́, pupa wo gan-an ni?"

Ó la ojú. "Ẹ ò tíì rí i?"

Mo ní mi ò tíì rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní agbára nínú. Ó na ọwọ́, ó fi ìka rẹ̀ yí aago ọwọ́ mi po, ó sì di ojú rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ mọ iye tí aago lù ni, mo sọ ọ́ fún un. Mo wá rò ó pé kí n jẹ́ kó sùn, màá bi í léèrè lọ́la. Kò rí ọ̀la yẹn.

Ẹni tí kò tíì rí irú ẹ̀ rí á rò pé ọjọ́ ìsìnkú ló ń dunni. Rárá o. Àwo ni. Ìyàwó mi ní àwọn àwo kan tó tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, àwọn olódòdó, àlejò nìkan ló ń fi wọ́n jẹun. A ti jà lórí àwo yẹn tó ìgbà mélòó. Mo ní kí ni ìwúlò àwo tí onílé ò lè fi jẹun. Ó ní èmi ni màá fọ́ wọn. Báyìí, ojoojúmọ́ ni mo fi wọ́n ń jẹun. Mo gbé ẹ̀bà sínú ọ̀kan, mo bu ọbẹ̀ sínú ìkejì, kò sẹ́ni tó bá mi jà. Mo fọ́ ọ̀kan lóṣù tó kọjá, mo dúró síbẹ̀, mò ń dúró de ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Mo kàn dúró ni.

Aṣọ tó hun tó ń tẹ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ ẹ padà, kò rí bó ṣe ń rí. Máṣíìnì rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé, òwú funfun ṣì wà lórí ẹ̀. Èmi sì ń rìn káàkiri inú ilé tèmi bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Mo máa ń gbé nǹkan sókè síbẹ̀síbẹ̀. Ife, ìdérí ìkòkò, tòmátì. Màá gbé e sókè, màá kọjú sí ìdí máṣíìnì, màá rántí, màá gbé e sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọmọ mi fi rí ọkọ. Àwọn àna ń bọ̀ wá mọ̀ wá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọmọ ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n wá jókòó sínú pálọ̀ yìí bó ṣe rí. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó mú pẹ́ńtà kan wá láti Ìdímù pẹ̀lú garawa eérú mẹ́ta. Àkàbà ti wà lára ògiri kí n tó ti inú bálùwẹ̀ jáde. Wọ́n ti sọ fọ́tò méjì kalẹ̀, ti bàbá mi àti ti ìgbéyàwó wa.

Mo gbójú sókè. Níbi tí fọ́tò ìgbéyàwó wa ti kúrò, ògiri ṣì pupa fòò bíi ti ọjọ́ tá a kùn ún. Èéfín ò débẹ̀, oòrùn ò débẹ̀. Mo rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn níbẹ̀, mo rí i tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí pẹ́ńtà sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri mi. Ohùn mi ga ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀. Pẹ́ńtà ká àkàbà rẹ̀, ó jáde lọ dúró síta.

"Dádì, ẹ̀yin náà ò fẹ́ràn pupa yìí," ọmọ mi ní. "Láti ìgbà tí mo ti wà ní prámárì lẹ ti ń bú u."

Mo ní òótọ́ ni.

"Kí lẹ wá fẹ́?"

Mo ní mo fẹ́ èyí tí ìyá rẹ ní kí n kùn. Ó ní èwo nìyẹn? Mo ní mi ò mọ̀. Omi ti wà lójú rẹ̀, ó ní òun náà ń wá ìyá òun nínú ilé yìí, pé tí òun bá ti wọlé, pálọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí àyà òun já, ìdí tí òun fi fẹ́ yí i padà nìyẹn. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó fún mi di ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Tí mi ò bá rí i, kó kun eérú rẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní, "Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún yín, Dádì?"

Ní Tọ́sìdeè, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dé. Ọjà Ṣàṣà ló ti ń ta ẹ̀wà àti gàrí, Mọ́mì Ṣàṣà lọmọ mi ń pè é. Ó gbé ẹ̀wà wá fún àlejò Sátidé, ó sì wọ kíṣìn lọ tààrà láti bá ọmọ ṣètò. Èmi wà ní kọ́rídọ̀, mò ń lọ bu omi. Mo gbọ́ tó ń bi ọmọ mi léèrè pé, "Ṣé Pupa ti jẹun láti àárọ̀?"

Ọmọ mi ní, "Ẹ rọra o, Mọ́mì Ṣàṣà, wọ́n á gbọ́."

Mo gbé ife tó wà lọ́wọ́ mi wọlé bá wọn. Mo ní, "Ta ni Pupa?"

Ọmọ mi ń wo ilẹ̀, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kúnlẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe dàgbà tó yẹn. "Ẹ má bínú, ọkọ wa, ẹnu mi ló yọ̀. Ẹ̀yin náà ni. Bí àbúrò mi ṣe máa ń pè yín nìyẹn, tí ẹ ò bá sí ńtòsí."

Obìnrin ilé wa kì í pe ọkọ lórúkọ. Lójú mi, Bàbá Ọmọ Mi ló ń pè mí, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé ilé ìwòsàn. Mi ò mọ̀ pé ó ní òmíràn tó ń pè mí lẹ́yìn mi. Wọ́n sọ fún mi pé inú Tíṣà Pupa yẹn ló ti mú un, ó yọ Tíṣà kúrò, ó fi Pupa sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Tó bá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á ní Pupa mi ti jáde. Á ní Pupa mi ń bínú, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé oúnjẹ fún un. Ọmọ mi mọ̀. Gbogbo àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀.

Mo gbé ife sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ṣé ìyàwó mi sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà pálọ̀ fún un rí.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló pè mí," ó ní. "Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ó dúró síwájú mi gbọnin báyìí, mo wò ó lójú, mo ní irú pupa tí mo ní nílé. Ó wẹ̀yìn.'" Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ló bá rí ojú mi, ó dá ẹ̀rín dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí."

Mo lọ jókòó sí pálọ̀. Mo sunkún, mi ò fi pamọ́, ọmọ mi wá jókòó tì mí, òun náà ń sunkún. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé kẹ́ẹ̀gì epo sókè, mo gbé bàtà, mo gbé yẹ̀pẹ̀ Èkìtì wálé, obìnrin yìí ń wo ẹni tó gbé wọn dání, ó ń mi orí. Gbogbo ọdún tó fi jókòó sínú kíríìmù onílé l'Ẹ́gbẹ́dá, tó ń gbójú sókè, ohun tó ń rò pé òun máa fi kun ilé òun nìyẹn. Mo bínú sí i fún ọjọ́ méjì nítorí rẹ̀. Ká ní ó ṣeé ṣe, màá gba ọjọ́ méjì yẹn padà.

Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, mo wọ bàtà, mo lọ sí Ìkòtún. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra ti àkọ́kọ́ kò sí mọ́, ẹlòmíràn wà níbẹ̀, obìnrin kan tó ń po ọ̀dà fúnra rẹ̀. Mo ní pupa ni mo fẹ́. Ó gbé páálí kan tí wọ́n lẹ àwọ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ síwájú mi. "Pupa wo nínú wọn, Bàbá?"

Mo wò ó látòkè délẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Mo bọ́ aago mi, mo kì í sápò, mo gbé ọwọ́ mi lé orí káńtà níwájú rẹ̀. Abẹ́ ibi tí okùn aago ti ń wà ṣì pupa, bó ṣe rí l'Ẹ́gbẹ́dá.

"Irú èyí," mo ní.

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bu ọ̀dà funfun sínú agolo kan, ó kán aláwọ̀ ìyeyè sí i, ó kán kọfí díẹ̀, ó fi igi rò ó, ó fi tọ́ bébà wò. Ó ní ó ti ṣókùnkùn jù. Ó tún òmíràn po. Èyí náà ò bá a mu. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò fi bébà ṣe nǹkan kan mọ́, ó ti ìka rẹ̀ bọ inú agolo, ó fi kan ọrùn ọwọ́ mi níbi tí aago ti ń wà, ó sì fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ. A jọ tẹ orí wò ó. Mi ò mọ ibi tí ọ̀dà wà àti ibi tí ara mi wà mọ́.

"Mo ti rí i," mo ní.

Obìnrin náà rò pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá," ó sì lọ gbé garawa ńlá wá láti po èyí tó máa tó pálọ̀.